Ihò Tí Mi Ò Lè Dárúkọ

Inú ń bí mi títí di òní, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí, ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Fìdítì, ló mú orúkọ bàbá ọkọ mi, ó fi sọ ihò kan nínú pápá, kò sì bi ẹnì kankan léèrè. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un pé kó lọ fi orúkọ bàbá tirẹ̀ sọ ihò ní Awẹ́ tó ti wá.

Ọdún 1972 ni, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọdá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ láìfarapa, bẹ́ẹ̀ ni àwa tíṣà mẹ́ta ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lórí òṣùpá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ṣe é. Rédíò sọ ọ́ pé wọ́n gbé ọkọ̀ kan lọ sórí òṣùpá, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì jókòó sí ìlú wọn níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí wọn, wọ́n ń wà á kiri.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé. Wọ́n ní ilé-ìwé tó bá lè kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kékeré, kó sì wà á láti òpin pápá kan dé òpin kejì, kí awakọ̀ má fi ojú rí i, kí ọkọ̀ náà má sì kó sí ihò kankan, ààyè kan wà fún un. Tíṣà tó bá ṣe ojú fún ọkọ̀ náà, tó ń sọ ohun tó wà níwájú fún awakọ̀, òun ni yóò lọ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìbàdàn fún ọdún kan gbáko.

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí pè mí. "Tíṣà Kùdírátù," ó ní, "ìwọ lo máa ṣe ojú. Èmi ti dàgbà jù. Ọlájídé náà ti lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbàdàn rí, kò sì jọ pé ó rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́. Láti ìgbà tí bàbá tó bí mi ti ní ìwé tí mo kà ti tó fún obìnrin ni mo ti ń wá irú ààyè yẹn. Bí mo bá ń ro ọkà lórí iná, Ìbàdàn ni mò ń rò mọ́ ọn. Bí mo bá ń yẹ ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, Ìbàdàn ni mò ń rí nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í kàn di ẹrù kó lọ gbé ìlú mìíràn fún ọdún kan. Mo sọ fún ọkọ mi, tó ń ṣe akọ̀wé ní Ọ̀yọ́, tó ń lọ láàárọ̀ tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá Ṣàràfá, èmi ò ní ìjà. Ṣùgbọ́n Bàbá ńkọ́?" Bàbá ni bàbá ọkọ mi, tí gbogbo Fìdítì mọ̀ sí Bàbá Ọlọ́sàn nítorí oko ọsàn rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbọ́ mi dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ó tán. Ẹni tí kò bá gbé ilé wa kò lè mọ̀ pé "mo ti gbọ́" ti Bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ti bi í rí bóyá kí wọ́n tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, ó ní òun ti gbọ́, òjò sì ń rọ̀ sí wa lórí níbẹ̀ di àsìkò tí mò ń sọ yìí. Oṣù kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ tèmi, kò tún dá a sọ.

Tíṣà Ọlájídé, ọmọ Ìlọrà, ló kan ọkọ̀ náà. Ó fi páànù ṣe ara rẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé sí i, ó wá ẹ̀rọ kékeré méjì tó máa ń nu gíláàsì iwájú mọ́tò lójò, ó dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ náà. Bátìrì mọ́tò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì, wáyà gígùn ló so ó mọ́ ọkọ̀ nínú pápá. Nígbà tó so wáyà tán, bó bá ti ọ̀pá ìdarí sí òsì, ọ̀tún ni ọkọ̀ ń yà sí. A ní kó tún un so. Ó ní ó ti mọ́ òun lára báyìí, pé ìjọba gan-an ṣáà ti gbé òsì lọ sí ọ̀tún. Bó ṣe di pé kò sí ẹlòmíràn tó lè wa ọkọ̀ náà nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró sínú pápá, kí n máa tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn. Ọlájídé á jókòó sínú kíláàsì, a ó ti gbogbo fèrèsé pa, kò ní rí nǹkan kan àfi máàpù pápá náà lórí tábìlì. Tẹlifóònù tí àwọn ṣọ́jà lò nígbà ogun la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Nítorí pé òṣùpá jìnnà, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè dé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí ní bí mo bá ti pàṣẹ, Ọlájídé gbọ́dọ̀ ka oókan dé aárùn-ún kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Nítorí náà mo ní láti tètè sọ̀rọ̀. Bí mo bá dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dé etí ihò kí n tó ní kó dúró, inú ihò ló máa ti dúró.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ kúrò lójú kan. Mo gbé tẹlifóònù, Ọlájídé ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Tíṣà."

Mo ní, "O kú àárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́. Bàbá Ṣàràfá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ṣàràfá fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ibà yẹn ti lọ?"

Kí a tó kí ara wa tán, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí ti wá òkúta kan jókòó lé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìkíni ti di èèwọ̀ lórí òṣùpá. Ọlájídé ní òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n pé lójú òun, bí ẹni tó ń bú èèyàn ni.

Bàbá ló ni pápá náà. Ẹ̀yìn ilé-ìwé ló wà, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ mọ ilé láyé ijọ́un. Ihò kún ibẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó hù níbẹ̀ ju igi kaṣú kan ní òpin rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí kà á níbì kan pé àwọn òyìnbó máa ń fi orúkọ àwọn ènìyàn ńlá sọ àwọn ihò orí òṣùpá, ó ní àwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi orúkọ lémọ́ọ̀mù sọ ọ̀kan. Ó fi orúkọ ẹni tó fún wa ní wáyà sọ òmíràn. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ èyí tó kéré jù. Èyí tó tóbi jù tó sì jìn jù, tó wà nítòsí igi kaṣú níbi tí ìrìn àjò parí sí, orúkọ onílẹ̀ ló fún un. Kò kọ Bàbá Ọlọ́sàn. Ó ní ìnagijẹ kì í wọ máàpù. Orúkọ àbísọ Bàbá ló kọ síbẹ̀, èyí tó rí lórí ìwé owó orí.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé mi ò tíì dá orúkọ náà. Ta ni màá bá níjà? Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ń rákò, tó ń tọ̀ sí mi lára, "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń ta ọsàn létí títì, Ìbàdíàrán ni mo sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n sọ ọ́ lórúkọ gidi lọ́jọ́ kẹjọ. Ká tó wá dórí Bàbá! Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnì kankan, ì báà jẹ́ ọmọ, ì báà jẹ́ ìyàwó. Ìwé owó orí nìkan ló ń pè é.

Ẹ wá wo ìdánrawò wa. Ọkọ̀ gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yí ihò lémọ́ọ̀mù po, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọ̀gá, ó kọjú sí ihò ńlá. Mo gbé tẹlifóònù sẹ́nu, mo ní, "Bàbá wa wà níwájú."

"Háà! Bàbá ti dé?" Ọlájídé ní. "Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní iṣẹ́ ló dè mí mọ́lẹ̀, mò ń bọ̀ wá kí wọn."

Ọkọ̀ kó sínú ihò.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Ihò onílẹ̀!" Ọlájídé wo máàpù títí. Ó ní, "Tíṣà, onílẹ̀ kan náà ló ni gbogbo ẹ̀." Òótọ́ ló sọ, ọkọ̀ sì tún kó sínú ihò. Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní, "Èyí tó tóbi yẹn!" Ó ní, "Tóbi bíi ti èwo?" Lọ́jọ́ náà, páànù iwájú ọkọ̀ wó mọ́ra bí agolo mílíìkì tí mọ́tò gùn. Ọlájídé jáde láti inú kíláàsì, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ẹ̀ fọ́ ọ létí.

Mo kọjá sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Mi ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Sà, ẹ bá mi yí orúkọ ihò yẹn padà."

"Kí ló ṣe é?"

"Bàbá ọkọ mi ni. Ẹ̀yin náà níyàwó nílé. Ṣé ìyàwó yín ń pe bàbá yín lórúkọ?"

Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Tíṣà Kùdírátù," ó ní, "kò sí àna lórí òṣùpá."

"Ó wà ní Fìdítì, sà."

Ó ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀dà máàpù ti lọ sí Ìbàdàn, òun ni àwọn alábẹ̀wò tó ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ máa mú dání tí wọ́n á fi máa fi ìka tọ ipa ọkọ̀. Òfin wọn sì ni pé ojú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ihò kó tó ní kí ọkọ̀ dúró. Ihò tí kò bá dárúkọ, bí ẹni pé kò rí i ni. Mo ní kó wá ẹlòmíràn ṣe ojú nígbà náà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ ìṣirò. Ó ní, "Ẹlòmíràn náà ló máa lọ Ìbàdàn nìyẹn." Mo jáde, mo sì fi agbára ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ká tiẹ̀ sọ pé ó fẹ́ yí i padà, kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí Ìbàdíàrán ti gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá dúró ra ọsàn ló ń sọ fún pé wọ́n ti gbé orúkọ bàbá òun lọ sórí òṣùpá. Àwọn ará Ìlọrà ń wá kí Bàbá kú oríire. Ẹnì kan wá láti Ìwàré, ó fẹ́ mọ ohun tí èèyàn máa ṣe kí òun náà lè ní ihò. Bàbá ń dá gbogbo wọn lóhùn pé a dúpẹ́, ó sì ti ń de fìlà dáadáa jáde láàárọ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló máa lọ bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé a ti pa orúkọ yín rẹ́?

Ìbàdíàrán yìí kan náà ló wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. Kò jókòó. Nígbà tí obìnrin yìí ò bá ti jókòó, kéèyàn yáa gbọ́n ni.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé wọ́n ní kí o máa pariwo orúkọ bàbá mi nínú pápá."

"Iṣẹ́ ilé-ìwé ni, ẹ̀yin tèmi."

"Iṣẹ́ ilé-ìwé kẹ̀! Ìyá tó bí mi, ọdún mélòó ló lò nílé yìí, kò pè é títí ó fi kú. Ìwọ tí o dé lánàá lo fẹ́ pè é? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kí n ṣáà gbọ́ ọ. Èmi ni màá sọ fún Bàbá pé ẹni tí kò tíì dé Ìbàdàn tó ti ń pe àgbà lórúkọ, bó bá tìbẹ̀ dé, ṣé kì í ṣe etí wọn ló máa máa fà? O ò ní kúrò ní Fìdítì yìí."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tèmi," mo sì ń fọ aṣọ mi lọ. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Bí Bàbá bá máa ṣí ẹnu lórí ọ̀rọ̀ mi rárá, Ìbàdíàrán ló máa sọ ohun tí yóò tibẹ̀ jáde.

Mo wá gbìyànjú láti fi kọ́ra. Mo wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú korobá omi, mo ti ilẹ̀kùn, mo kọjú sí ògiri. Mo ní kí n pè é wúyẹ́wúyẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n kàn mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Mo la ẹnu, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo tún là á. Orúkọ lémọ́ọ̀mù ló jáde.

"Ìyàwó!" Ìbàdíàrán ní láti ìta. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Àdúrà ni mò ń gbà."

"Nínú balùwẹ̀?"

Mo da omi sára.

Ọjọ́ àbẹ̀wò pé. Àwọn méjì ló wá láti Ìbàdàn. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, Ìbàdíàrán ti kó ọsàn bíbó lé e lọ́wọ́ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Èkejì jẹ́ obìnrin tó wọ jígí, tó mú máàpù dání, tí kò gba ọsàn. Obìnrin yẹn ni ọ̀gá. Wọ́n gbé àga fún Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ní ọ̀kánkán ihò rẹ̀ gan-an, gbogbo àdúgbò dúró yí i ká. Ìbàdíàrán dúró lẹ́yìn àga bí ọlọ́pàá. Ọkọ mi náà wá, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bí ọkọ̀ yìí bá dé ìdí igi kaṣú yẹn láìkó sí ihò, ẹ ti gba ààyè náà nìyẹn," obìnrin náà ní. "Bó bá kó sí ẹyọ kan, ó parí." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ ni ojú?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀ pé o gbọ́dọ̀ máa dárúkọ wọn?"

"Wọ́n ti sọ fún mi, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí ju áńkáṣíìfù sílẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra. Mo dárúkọ lémọ́ọ̀mù, kò sí wàhálà, kì í ṣe àna mi. Ọlájídé ka oókan dé aárùn-ún, ọkọ̀ yà. Mo dárúkọ ẹni tó fún wa ní wáyà, ọkọ̀ yà. Mo dárúkọ ìyàwó ọ̀gá, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Obìnrin Ìbàdàn ń fi ìka tọ máàpù, ó ń mi orí. Ọkùnrin kejì ń fa ọsàn mu.

Ó wá ku ihò ńlá.

"Níwájú ńkọ́?" Ọlájídé bi mí.

Mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Mo wo Bàbá, ọkọ̀ ló ń wò, ó na ọrùn bí ọmọdé tó ń wo eré. Mo wo Ìbàdíàrán, ẹnu mi lòun ń wò. Ọkọ̀ ń lọ.

"Tíṣà? Níwájú ńkọ́?"

Inú wá bí mi. Inú bí mi sí Olúṣèyí àti òṣùpá rẹ̀. Inú bí mi sí Ìbàdíàrán, sí bàbá tó bí mi, àní sí òrùlé ilé ìdáná. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, ọkọ̀ á kó sí ihò, Ìbàdàn ti lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Bàbá ò ní jẹ́ kí n lọ láéláé, Ìbàdàn náà ti lọ. Bó bá ti jẹ́ bákan náà ni, kò kúkú yẹ kí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bàjẹ́ sí i.

"Ṣàngótóyè!" Mo pariwo. "Ṣàngótóyè ló wà níwájú! Dúró! Ṣàngótóyè!"

Ohùn mi lọ sókè débi pé mo rò pé Ọlájídé gbọ́ ọ lójú fèrèsé kó tó gbọ́ ọ nínú tẹlifóònù. Mò ń gbọ́ Ọlájídé tó ń kà á pẹ̀lú sùúrù, "Oókan, eéjì," bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ, "ẹẹ́ta, ẹẹ́rin," erùpẹ̀ etí ihò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. "Aárùn-ún." Ọkọ̀ dúró. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan wà lórí òfo.

"Yéè! Mo gbé o!" Ìbàdíàrán ká ọwọ́ lérí. "Ó pe bàbá mi lórúkọ! Lójú gbogbo ayé!"

Kó tó sọ ọ́ dé ìdí, ẹnì kan ti dáhùn.

"Hòo!"

Bàbá ni. Ó ti dìde lórí àga. Ó yára dìde ni, ọkùnrin tí wọ́n máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè lójoojúmọ́, ó sì ń bọ̀ nínú pápá bí ọmọ tí wọ́n pè wálé wá jẹun. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un.

"Ta nìyẹn lórí òṣùpá?" obìnrin Ìbàdàn ní.

"Onílẹ̀ ni, mà," Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí dáhùn.

Obìnrin náà wo Bàbá, ó wo máàpù, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

"Tíṣà," Ọlájídé ní nínú tẹlifóònù, "kí ló wà níwájú báyìí?"

"Ṣàngótóyè," mo ní. Ẹnu mi ti là, kò ṣeé pa dé mọ́.

"Ihò ni àbí èèyàn?"

"Àwọn méjèèjì."

"Ó dáa, màá dúró."

Bàbá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ tòun ti tẹlifóònù lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àfojúdi. Ẹ forí jì mí." Mo gbójú sókè, mo rí i pé omi ti lé sójú rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí lójú ọkùnrin yẹn, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn," ó ní. "Orí ẹní tó kú lé ló ti pè mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó lè pè é náà ti lọ tán. Mo wò ó títí, kò sẹ́ni tó jù mí lọ mọ́ ní gbogbo agboolé. Bàbá Ọlọ́sàn, Bàbá Ọlọ́sàn, ohun tí mò ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Mo ti gbà pé mi ò tún ní gbọ́ ọ mọ́ títí wọn ó fi gbé mi wọ ilẹ̀."

Ìbàdíàrán ti sáré dé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣe? Ẹ jẹ́ kí n..."

"Dákẹ́," Bàbá ní. Kò wò ó. "Ìyàwó, tún un pè."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o tún un pè, kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ariwo àkọ́kọ́ yẹn ti pọ̀ jù."

Mo pè é. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo pè é lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tó ń sùn. "Ṣàngótóyè."

"Hòo," ó ní. Ó dijú.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo sun ún débi pé omi ojú wọ inú tẹlifóònù ìjọba. Ìbàdíàrán náà ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi gèlè nu ojú, ó ń ṣe bí ẹni pé erùpẹ̀ ló kó sí i.

Bàbá fi ọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dìde. Ó ní, "Bí o bá ń bọ̀ wálé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà ni kí o ti máa pè mí. Má dúró dìgbà tí o bá kúnlẹ̀." Ó yí padà, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ, ó lọ mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jókòó.

"Tíṣà?" Ọlájídé ní. "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Níwájú ńkọ́?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní kó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó wá yà sí ọ̀tún. Ó kà á, ó fà á, ó yà. Igi kaṣú wà lọ́ọ̀ọ́kán, ilẹ̀ tẹ́jú dé ìdí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níwájú mọ́," mo ní. "Máa bọ̀."